Orin Tó Ń Ṣarán: Bí A Ṣe Lè Gbọ́ Everywhere at the End of Time

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí àwo orin yìí lè rò pé wọ́n júwe ọ̀nà òdì fún òun. Wọ́n ti sọ fún un pé orin tó ń kó jìnnìjìnnì báni ni, pé àwọn kan gbọ́ ọ parí tí wọ́n bú sẹ́kún, pé kò yẹ kéèyàn gbọ́ ọ lóru. Ó wá tẹ̀ ẹ́. Orin ijó àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ló bọ́ sí i létí, fèrè àti dùùrù, orin tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí ìró àwo tó ti gbó ń ta lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbọ́ ọ, ẹ̀rù kò bà á. Ó bá fò ó dé wákàtí kẹrin. Ariwo ló bá níbẹ̀, èyí tí kò lórí tí kò nídìí, àfi bí ìgbà tí rédíò mẹ́wàá bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ó pa á, ó pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orin lẹ pe èyí ni?"

Àbúrò mi ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í sì ṣe òun nìkan ló ti bi mí bẹ́ẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi díẹ̀, torí mo fẹ́ràn àwo náà dénú. Nígbà tó yá, mo rí i pé ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé irú orin kan wà tí a kì í tọ́ wò bí ọbẹ̀. Bí ẹ bá bu ṣíbí kan níbẹ̀rẹ̀, tí ẹ tún bu òmíràn láàárín, ẹ ò tíì mọ bó ṣe rí rárá. Ẹ̀rù tí wọ́n ń sọ kò sí nínú orin ijó tó wà níbẹ̀rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ariwo àárín náà. Ojú ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀ ló wà, níbi tí ohun tí etí yín ti mọ̀ dáadáa ti ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì ń wá a kiri.

Ẹni tó ṣe àwo náà ni James Leyland Kirby, ọmọ ìlú Stockport lẹ́bàá Manchester ní England, tí wọ́n bí ní 1974. Orúkọ tó fi ń ṣe irú orin yìí ni The Caretaker, ìyẹn ẹni tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ ilé. Inú fíìmù The Shining, tí Stanley Kubrick gbé jáde ní 1980, ló ti wá. Nínú fíìmù yẹn, wọ́n gba ọkùnrin kan láti ṣọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí wọ́n tì pa nígbà òtútù. Ó wọ gbọ̀ngàn ijó lálẹ́, ó bá àwọn èèyàn tí kò yẹ kí wọ́n wà láyé mọ́ tí wọ́n ń ṣe fàájì, orin ìgbà ayé wọn sì ń lọ lẹ́yìn. Orin gbọ̀ngàn yẹn ni Kirby fi ṣe ìpìlẹ̀ àwo àkọ́kọ́ tó gbé jáde lórúkọ The Caretaker ní 1999. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó kúrò lórí ọ̀rọ̀ iwin, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìrántí, bí ọpọlọ ṣe ń fi nǹkan pamọ́ àti bó ṣe ń sọ ọ́ nù. Everywhere at the End of Time ló fi kádìí orúkọ náà nílẹ̀. Ìpele mẹ́fà ni. Ìkínní jáde ní oṣù kẹsàn-án 2016, ìkẹfà sì jáde ní oṣù kẹta 2019. Orin 50 ló wà nínú gbogbo rẹ̀, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ló sì gbà.

Ohun tí Kirby ṣe ni pé ó fi àrùn ìgbàgbé ṣe The Caretaker. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣàìsàn o. Ìròyìn tí àwọn kan ń gbé kiri pé ọpọlọ rẹ̀ ló ń daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ń ṣe é kì í ṣe òótọ́. Orúkọ orí àwo ló ń ṣàìsàn, ẹni tó ń tò ó ní ọgbọ́n orí rẹ̀ pé.

Dementia ni àwọn dókítà ń pe àrùn náà. Àwa ti ní ọ̀rọ̀ fún un kí ọ̀rọ̀ dókítà tó dé. A máa ń ní màmá ti ń ṣarán, a máa ń ní iyè bàbá ti rà. Mo fẹ́ kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ kejì yẹn yẹ̀ wò dáadáa, torí òun ló la àwo yìí yé mi ju ohunkóhun tí mo kà lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé iyè fò lọ lójijì. Ó ní ó rà, bí aṣọ òkè tó ti pẹ́ jù nínú àpótí. Ẹ ṣí àpótí, ẹ rí aṣọ, ẹ rí àwọ̀ rẹ̀ àti ọnà ara rẹ̀, ẹ tiẹ̀ lè rántí ìnáwó tí wọ́n torí ẹ̀ dá a. Ẹ gbé e, ìka yín gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tí Kirby ṣe sí orin nìyẹn. Kò sọ orin nù, ó jẹ́ kó rà.

Ìyá tó bí bàbá mi ṣarán fún bí ọdún mẹ́fà kó tó lọ. Ìbéèrè kan ló fi bẹ̀rẹ̀: "Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù?" Ṣọ́ọ̀bù náà ti kógbá sílé láti ọdún pípẹ́. A ó dá a lóhùn, yóò gbà, ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní pé kó tó tún bi wá, pẹ̀lú ohùn kan náà, pẹ̀lú ìfura kan náà lójú. Nígbà tó ṣe, kò mọ orúkọ mi mọ́. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ti kú ló ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dá orin ìsìn tó ti mọ̀ láti kékeré, yóò gbà á lẹ́nu onítọ̀hún, yóò kọ ọ́ láti ẹsẹ kìíní dé ìkẹyìn láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Ó yà wá lẹ́nu nígbà náà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo kà nípa ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010, tó fi hàn pé àwọn tó ní irú àrùn yìí máa ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ bí wọ́n bá kọ ọ́ lórin sí wọn létí. Ìwádìí yẹn náà ló ta Kirby jí sí àwo An Empty Bliss Beyond This World tó gbé jáde ní 2011, èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àwo tí a ń sọ yìí.

Àwọn aládùúgbò kan sọ ọ̀rọ̀ mìíràn nípa ìyá wa, irú èyí tí wọ́n máa ń sọ nípa obìnrin arúgbó tó bá ń dá sọ̀rọ̀ lóru. Ó ṣì ń dùn mí. N kò mọ̀ nígbà náà pé ní Ìdíkàn, nínú ìlú Ìbàdàn gan-an, àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ti ń tọpa àìsàn yìí láàárín àwọn àgbàlagbà láti 1992. Wọ́n ń fi àwọn Yorùbá Ìdíkàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 sọ pé láàárín àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, àwọn tí àrùn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn, àti 3.24 nínú ọgọ́rùn-ún ní Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n ó wà, àìsàn sì ni. Nítorí náà, bí àwo yìí tilẹ̀ jẹ́ orin òyìnbó láti òkè dé ilẹ̀, ilé wa ló ń sọ.

Ó kù bó ṣe ṣe é. Orí èyí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìbẹ̀rù asán á kúrò, ti òótọ́ á sì kù.

Àwo 78 ni Kirby ń lò, àwo dúdú tó nípọn, tó máa ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan lórí giramafóònù. Oje tí kòkòrò kan ń tú jáde lára igi ní Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó le bí àwo oúnjẹ, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni, bí àwo oúnjẹ ló ń fọ́. Ojú kan rẹ̀ kì í sábà gbà ju orin ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Abẹ́rẹ́ irin ló ń tọ ipa orin tí wọ́n fín sójú rẹ̀, gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá sì gba ibẹ̀ kọjá ló ń họ díẹ̀ lára rẹ̀. Ìyẹn ni pé orin tí wọ́n bá fẹ́ràn jù nínú ilé ni yóò kọ́kọ́ gbó. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwọn orin Yorùbá tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ sínú àwo Zonophone ní London ní 1922 mọ ìró tí mò ń sọ: ohùn èèyàn ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì ń rọ̀ láàárín òun àti ẹ̀yin. Àwọn tó ń tún orin àtijọ́ ṣe máa ń fi kọ̀ǹpútà nu òjò yẹn kúrò. Kirby fi sílẹ̀, bí àwo sì ti ń lọ ni òjò náà ń wú sí i, títí yóò fi di pé òjò ló kù, orin ti lọ.

Ó máa ń fa orin gùn, kó máa lọ pẹ̀lẹ́ ju bí wọ́n ti kọ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ yóò sì wálẹ̀, ìdùnnú inú rẹ̀ yóò di ìrònú. Ó tún máa ń kó o sínú gbohùngbohùn, bíi pé ẹ dúró sóde gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń ṣe ìnáwó, ẹ ń gbọ́ orin, ẹ ò rí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ tó ṣe kókó jù ni pé ó máa ń gé ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú orin kan, yóò so ìdí rẹ̀ mọ́ orí rẹ̀, yóò wá jẹ́ kó máa yí po. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílé tí wọ́n ti ń lo àwo mọ ohun tó jọ ọ́. Àwo á há, abẹ́rẹ́ á máa padà sí ojú kan, ọ̀rọ̀ kan náà á máa dún títí bàbá á fi dìde láti ti abẹ́rẹ́ síwájú. Nínú àwo Kirby, kò sẹ́ni tó máa dìde.

Òun kọ́ ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ní Paris ní 1948, Pierre Schaeffer, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò Faransé, mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àwo tí ipa orin rẹ̀ pàdé ara rẹ̀, kí ìró kan lè máa tún ara rẹ̀ dún láìdúró. Ìró ọkọ̀ ojú irin wà lára ohun tó fi kọ orin. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń kọ orin láìlo dùùrù tàbí ìlù, tí ìró tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ jẹ́ èlò iṣẹ́ wọn. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní experimental, ìyẹn orin tí olórin fi ń dán nǹkan wò. Kì í ṣe pé kò mọ orin kọ. Ó fẹ́ mọ ohun tí etí èèyàn máa ṣe bí òun bá ṣe báyìí ni.

Etí sì máa ń ṣe nǹkan. Ẹ rántí bí onígángan ṣe ń ṣe lóde ìnáwó. Yóò fi gángan sọ ìdajì òwe, yóò dákẹ́ díẹ̀, àwọn tó gbọ́ èdè ìlù yóò fi ẹnu parí rẹ̀, inú wọn á dùn pé àwọn mọ̀ ọ́n. Etí wa máa ń sáré ṣíwájú orin láti lọ dúró dè é níbi tó ń bọ̀. Bí ó bá dé bí a ti rò, adùn ni. Bí ó bá gba ọ̀nà mìíràn tó dára jù, adùn náà ni. Nínú àwo yìí, onílù sọ ìdajì òwe, ẹ yanu láti parí rẹ̀, ẹ ò rí ìyókù. Ẹ mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí ahọ́n yín. Ó tún sọ ìdajì yẹn, ó tún sọ ọ́, ó tún sọ ọ́, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì sí i. Ibẹ̀ ni ara ti ń bù máṣọ. Kò sí ẹbọra kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Kirby kò fi igbe kankan síbẹ̀ láti dẹ́rù bani. Ohun tí ìyá wa ń ṣe ní gbogbo ọ̀sán tó ń béèrè ṣọ́ọ̀bù ni orin náà mú kí ẹ̀yin náà máa ṣe.

Orin àkọ́kọ́ pàá, It's Just a Burning Memory, ni kí ẹ fi dán ohun tí mo sọ wò. Inú Heartaches ló ti gé e, orin kan tí Al Bowlly kọ sínú àwo ní 1931. Òkìkí Bowlly kàn ní London láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n bí i sí, ní ìlú tí à ń pè ní Maputo lónìí, Johannesburg ló sì ti dàgbà. Bọ́ǹbù àwọn Jámánì ló pa á nínú ilé rẹ̀ ní London ní oṣù kẹrin 1941. Orin tí ẹ ń gbọ́ pẹ́ láyé ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ó rọrùn láti mọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì á ti máa kùn ún lábẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kùn ún. Iṣẹ́ tí mo rán àbúrò mi nìyẹn nígbà tó padà wá bá mi, pé kó gbọ́ orin kan ṣoṣo yẹn lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra, bó bá ń fọṣọ, bó bá wà nínú ọkọ̀ èrò, títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ìdí ni pé orin náà ń padà bọ̀. Ní ìpele kejì ó padà wá, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ní ìpele kẹta ó padà wá, bí ẹni pé wọ́n ń fọn ọ́ ní ìsàlẹ̀ odò. Lẹ́yìn ìyẹn, etí yín fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá a nínú ariwo. Ẹ ó gbọ́ nǹkan tó jọ fèrè rẹ̀, ẹ ó ní òun nìyẹn, ẹ ò sì ní lè búra sí i.

Ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ orin lójú gbogbo ènìyàn. Ìkínní jẹ́ àgbàlagbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń rántí ìgbà èwe rẹ̀, ìgbàgbé rẹ̀ kò ju irú èyí tí gbogbo wa ní lọ. Ní ìkejì, ó ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ìpele tó banújẹ́ jù létí tèmi nìyẹn, ju àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ, torí mo rántí ọdún tí ìyá wa ń fi ọgbọ́n bo ìgbàgbé rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò mọ̀ kí onítọ̀hún má baà fura. Ní ìkẹta, orin ń já láàárín, òmíràn kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n ti fà á ya.

Ní ìpele kẹrin, orin kéékèèké dópin. Mẹ́rin gígùn ló kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní ogún ìṣẹ́jú. Mẹ́ta nínú wọn ni ìdàrúdàpọ̀ tí àbúrò mi já bọ́ sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìkẹta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Temporary Bliss State, yàtọ̀. Ó tutù. Ìró rẹ̀ ń ṣàn bí omi tí oòrùn ń tàn sí, kò sí orin tí ẹ lè tọ́ka sí nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ìnira níbẹ̀. Ìyá wa máa ń ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀. Yóò jókòó, yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ògiri, yóò máa fi ọwọ́ tẹ ìlù sórí itan rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà, ara sì tù ú níbẹ̀. Ẹni tó lè ronú débi tí yóò fi irú ọ̀sán yẹn sáàárín ìdàrúdàpọ̀ mọ ohun tó ń sọ.

Orúkọ orin méjì nínú ìpele karùn-ún ni Advanced Plaque Entanglements. Ọ̀rọ̀ dókítà ni. Nínú ọpọlọ ẹni tó ní Alzheimer, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àrùn tó ń mú iyè rà, ohun méjì ni wọ́n máa ń bá: èròjà kan tí wọ́n ń pè ní amyloid tó ti dì ságbede-méjì àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti fọ́nrán èròjà mìíràn, tau, tó ti lọ́ mọ́ra nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì gan-an. Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ló ṣàpèjúwe wọn fáyé ní 1906. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ó gbọ́ ìpele karùn-ún bí òwú tó ti ta kókó, orin púpọ̀ tó ti lọ́ mọ́ra wọn débi pé bí ẹ bá fa ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ̀. Ní ìpele kẹfà, òwú pàápàá kò sí mọ́. Ìró bí atẹ́gùn inú ilé tí kò sẹ́nì kankan ló kù.

Àwòrán iwájú àwo náà ń bá orin rìn. Ivan Seal ló kùn wọ́n. Nǹkan kan wà nínú àwòrán ìpele kìíní tó dà bí ohun tí ẹ mọ̀, ẹ ò sì ní rí orúkọ pè é. Ní ìpele kẹfà, pátákó òfìfo ló fi síbẹ̀, tí téèpù búlúù lẹ̀ mọ́ igun rẹ̀.

Ní 2020, àwọn ọ̀dọ́ sọ gbígbọ́ àwo yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdìde di ìdíje lórí TikTok. N kò bá wọn jà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tipa bẹ́ẹ̀ lóye àìsàn òbí wọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ láti fi hàn pé ẹ̀rù kì í ba òun yóò gbọ́ ẹ̀rù nìkan. Mo tún ní ohun kan láti bá Kirby fà. Nínú ìpele tó kẹ́yìn, ó ṣe bíi pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, bí mo bá di ọwọ́ ìyá wa mú, ó ń di tèmi mú. Orin kò lè di èèyàn lọ́wọ́ mú, kí ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá débẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ lè sún gbígbọ́ rẹ̀ síwájú. Kò ní sá lọ.

Ẹni tó bá ti ṣe tán kò gbọdọ̀ fò ó. Ìpele kan lọ́jọ́ kan tó. Ẹlòmíràn lè jẹ́ kó gba ọ̀sẹ̀ kan láàárín ìpele kan sí èkejì, kí orin ti ìṣáájú lè ráyè di ìrántí tòótọ́ kó tó bàjẹ́. Ẹ lo íàpíìsì tó bo etí dáadáa, tàbí sípíkà nínú yàrá tó dákẹ́, torí ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ìpele kẹrin sí ìkẹfà ni ariwo jẹnẹrétọ̀ máa bò mọ́lẹ̀. Kirby fúnra rẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ sórí YouTube, ó sì wà lórí Bandcamp, ọjà orin orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún ẹni tó bá fẹ́ rà á kó má baà máa jẹ dátà. Ẹ má fi ṣe orin ìdí iṣẹ́. Brian Eno, olórin ará England, gbé àwo jáde ní 1978 fún pápákọ̀ òfurufú, orin tó lè máa lọ láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rò pé gbogbo orin tó bá ń lọ jẹ́jẹ́ láìsí ìlù ni irú ẹ̀. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tẹ́tí sí ìpele kìíní kò ní ohunkóhun tó máa pàdánù ní ìkẹrin.

Bí wákàtí mẹ́fà bá pọ̀ jù, An Empty Bliss Beyond This World kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ. Òmíràn tún wà tí àwọn tó ti lo kásẹ́ẹ̀tì á tètè lóye, The Disintegration Loops ti William Basinski ará Amẹ́ríkà. Ní 2001, ó ń kó téèpù tó ti gbà sílẹ̀ láti 1982 sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ rántí ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú tí a máa ń fi òwú àti spirit nù kúrò lẹ́nu téèpù? Orin gan-an ni ìyẹ̀fun yẹn. Téèpù Basinski ti gbó, ìyẹ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n dànù bó ti ń yí, orin sì ń kú lójú rẹ̀ bó ti ń gbà á sílẹ̀. Ó jẹ́ kó yí títí ó fi tán. Ti Basinski ṣèèṣì rà, ti Kirby ni ọwọ́ ènìyàn mú rà.

Àbúrò mi parí tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sọ púpọ̀. Ó ní ní ìpele karùn-ún, òun gbìyànjú láti kùn orin àkọ́kọ́ yẹn, òun kò rí i mú, ọkàn òun já. Mo sọ fún un pé ó ti gbọ́ àwo náà.

Ó ku ohun kan nípa ìparí rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo òfìfo ìpele kẹfà, nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tán, ohùn àwọn akọrin á ṣàdédé jáde, ohùn èèyàn tó dá ṣáká, láti inú àwo àtijọ́ kan tí òjò ń rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ló fi wé ohun tí àwọn tó ti tọ́jú aláìsàn mọ̀ dáadáa: ẹni tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ láti oṣù pípẹ́ á jí lọ́jọ́ kan, á béèrè omi, á pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì ní mọ́ bá a. Ìyá wa kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. A dúró dè é.

Lẹ́yìn ohùn yẹn, ìṣẹ́jú kan gbáko ni Kirby fi sílẹ̀ tí nǹkan kan kò dún. Ìṣẹ́jú yẹn wà lára orin. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìpele kẹfà, ẹ wọnú fóònù yín, ẹ pa ohun tó máa ń gbé orin mìíràn wọlé fúnra rẹ̀, kí ìpolówó tàbí orin ijó má baà já lù ú. Kí ẹ sì jókòó tì í títí yóò fi pé.